Nígbà Tí Aró Bá Kọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Aṣọ Tó Bàjẹ́ Kọ́ Iṣẹ́

Aṣọ á bàjẹ́ mọ́ ẹni tó ń kọ́ àdìrẹ lọ́wọ́, kò sí ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí rí l'Abẹ́òkúta. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n ṣe ni ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ẹnì kan á yọ aṣọ kúrò nínú aró, á rí i pé àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, ojú á tì í, á tún jù ú padà sínú aró kan náà, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, títí gbogbo rẹ̀ á fi ṣú. Ẹlòmíràn á ká a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọ̀gá rẹ̀ má baà rí i. Bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àṣìṣe kan náà ni. Mo ti rí ẹni tó lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, àṣìṣe oṣù kìíní rẹ̀ ló ṣì ń ṣe.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wá ẹni tó máa gbé e dìde, àgbà ń wá òkúta tó gbá a lẹ́sẹ̀. Wíwo ẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ tò fún yín níbí, ní ìpele-ìpele, bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní Kẹ́mta. Àdìrẹ ni mo fi ń ṣàlàyé torí òun ni mo mọ̀. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tàbí tó ń ránṣọ á rí ibi tó ti kan tirẹ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìwé kan tó ní páálí líle, tí ẹ kò ní lò fún nǹkan mìíràn. Kì í ṣe ìwé tí ẹ ń kọ gbèsè oníbàárà sí.
- Báírò, sísọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ àti okùn láti fi so ègé aṣọ mọ́ ojú ìwé.
- Ṣíbí kan àti ife kan tí ẹ ó máa fi wọn aró, kọ́sítíìkì àti háídírọ́ọ̀sì (oògùn méjì tí a ń dà mọ́ aró kó lè mú aṣọ). Wọn kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná mọ́ láéláé.
- Fóònù, fún aago àti fún fọ́tò.
- Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn, ìbòmú, àti omi mímọ́ nítòsí.
- Ọ̀pá kan aṣọ òwú funfun tí ẹ ti gé sí ègé tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ara aṣọ tí ẹ ń lò fún iṣẹ́ gan-an ni kó ti wá, kì í ṣe àkísà ilé.
- Owó ìdánwò.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ oníbàárà, ẹ pinnu iye tí ẹ lè pàdánù lóṣù láì fọwọ́ kan owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọmọ. Ó lè má ju owó ọ̀pá aṣọ méjì lọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀, kó ní àpò tirẹ̀. Ẹni tí kò ní owó ìdánwò kò lè fara balẹ̀ wo àṣìṣe rẹ̀, torí pé ebi ń bá a wò ó.

Ìpele kìíní: Ẹ dá ọwọ́ dúró

Bí aṣọ kò bá jáde bó ṣe yẹ, ẹ parí ohun tí iṣẹ́ náà béèrè, kí ẹ sì dúró síbẹ̀: ẹ tú u sí atẹ́gùn, ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ sá a síbi ibòji. Ẹ má tún un rẹ. Ẹ má fi ọṣẹ líle gbo ó. Ẹ má da aró tó kù nù, ẹ dé e.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀: wọ́n máa ń tètè ṣèdájọ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró búlúù a máa rí bí ewé tútù, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù. Ọmọ iṣẹ́ mi kan bú sẹ́kún lórí aṣọ tí kò bàjẹ́ rárá. Ó ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi kí àwọ̀ náà tó jáde tán.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹ bá wà lábẹ́ ọ̀gá, ọ̀gá ni. Bí ẹ bá ti dá dúró, ẹ wá ẹlẹgbẹ́ yín kan. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá bú ọmọ iṣẹ́ lójú oníbàárà torí aṣọ kan, èyí tó tún bàjẹ́ á lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì pẹ́ kí ọmọ náà tó tún lè mú aṣọ wá bá mi fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò: aṣọ ti gbẹ, aró ṣì wà nínú korobá, ẹnì kan yàtọ̀ sí yín sì ti mọ̀.

Ìpele kejì: Ẹ gé ègé kan, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀

Ẹ gé ègé kan níbi tó ti burú jù, ègé kejì níbi tó ti dára jù, ẹ rán méjèèjì mọ́ ojú ìwé. Ó máa ń dun èèyàn láti gé aṣọ, pàápàá aṣọ tí owó ti bọ́ sórí rẹ̀. Ẹ gé e. Fọ́tò dára, ṣùgbọ́n fóònù máa ń yí àwọ̀ padà. Aṣọ fúnra rẹ̀ kì í parọ́.

Lábẹ́ ègé náà, ẹ kọ ọ́ báyìí:

*Ọjọ́ Ẹtì, òjò rọ̀ láàárọ̀. Aṣọ òwú, ọ̀pá 5, mi ò fọ̀ ọ́ kí n tó dì í. Omi korobá kan. Aró ṣíbí 3, kọ́sítíìkì ṣíbí 4, háídírọ́ọ̀sì ṣíbí 4. Ike rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí láti oṣù tó kọjá. Mo rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10. Búlúù rẹ̀ kò dé, ojú ibi mẹ́ta funfun báláú láìjẹ́ pé mo dì í níbẹ̀.*

Iye tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ìlànà fún yín o, bí a ṣe ń kọ ọ́ ni mo fi hàn. Agbára aró yàtọ̀ láti ọwọ́ òǹtajà kan sí òmíràn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀: wọ́n á kọ ẹ̀bi dípò ohun tó ṣẹlẹ̀. "Aró kò dára." "Mi ò mọ iṣẹ́." "Ọ̀tá ló ṣe é." Mo máa ń gbàdúrà ní ìdájí kí n tó fọwọ́ kan aró, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lu ẹni tó ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ̀tá sínú ìwé, kí ló fẹ́ yí padà lọ́la? Háídírọ́ọ̀sì tó ti wà ní ṣíṣí láti oṣù kan, ìyẹn ṣeé yí padà.

Àyẹ̀wò: ẹ fún ẹlòmíràn ní ìwé náà kà. Bó bá lè tẹ̀ lé e, kó sì ba aṣọ jẹ́ lọ́nà kan náà gẹ́lẹ́, ẹ ti kọ ọ́ dáadáa.

Ìpele kẹta: Ẹ wá ẹnu ọ̀nà tí àṣìṣe gbà wọlé

Ẹnu ọ̀nà mẹ́rin ló wà: aṣọ, ìdì, aró, ọwọ́. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, láti orí aṣọ, torí pé gbogbo èèyàn ló máa ń sáré lọ bá aró wí.

*Aṣọ.* Ẹ kán omi kan sórí aṣọ funfun gbígbẹ. Bó bá mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó dára. Bí omi bá jókòó lórí rẹ̀ bí ìrì lórí ewé kókò, sítáàṣì tí ilé iṣẹ́ fi sí i ṣì wà lára rẹ̀, aró kò sì ní wọ ibẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ tún kán omi sí i. Ibi funfun tí mo kọ lókè yẹn, ibí ló ti sábà máa ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ yọ létí aṣọ, ẹ fi ìṣáná kàn án. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á fọ́ bí ẹ bá fi ìka rà á. Bó bá ń yọ́ bí ọ̀rá, tó sì di kókó dúdú líle, pọ́lísítà wà nínú rẹ̀, aró yìí kò ní mú apá yẹn láéláé. Ọjà tí wọ́n bá pè ní ògidì òwú fún yín, ẹ jó o wò kí ẹ tó san owó odidi ìdì.

*Ìdì.* Ní ti oníko, èyí tí a fi okùn dì kí aró má baà wọ ibẹ̀, ẹ gbìyànjú láti ki èékánná bọ abẹ́ okùn náà. Ibi tí èékánná bá wọ̀, aró á wọ̀ ọ́. Ní ti ẹlẹ́kọ, èyí tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí aró má baà wọ ibẹ̀, ẹ̀kọ ni kí ẹ wò. Láfún tí àwa Ẹ̀gbá fi ń jẹ ewédú náà là ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, a sì ń fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí páànù tí a gé yà á sára aṣọ. Bó bá ṣàn jù, ojú àwòrán á fẹ̀ kọjá ibi tí ẹ fà á sí. Bó bá ki jù, á sán, àwọ̀ á gba ibi tó sán wọlé bí okùn aláǹtakùn. Bí kò bá sì tíì gbẹ dénú, á ṣí kúrò nínú aró. Lásìkò òjò, ohun tó ń gbẹ láàárín ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́ lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má wo kàlẹ́ńdà, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ.

*Aró.* Ẹ bu aró búlúù yín sínú ṣíbí, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Aró tó ti ṣe tán máa ń rí bí ìyeyè tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, awọ búlúù fẹ́lẹ́ á sì wà lójú korobá. Bí èyí tó wà nínú ṣíbí bá jẹ́ búlúù ṣíṣú, háídírọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kú tàbí kò tó. Irú aró bẹ́ẹ̀ máa ń tan èèyàn: ó á lẹ̀ mọ́ ojú aṣọ, ẹ ó rò pé ó ti mú, bí oníbàárà bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ṣí kúrò, á kó bá aṣọ funfun rẹ̀ yòókù. Afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin ló ń pa háídírọ́ọ̀sì. Ẹ máa ra díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìdérí líle dé e, ẹ má sì jẹ́ kí omi kán sínú ike rẹ̀, torí ó lè gbóná débi tó máa gbiná.

Kọ́sítíìkì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Kọ́sítíìkì là ń dà sínú omi. A kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí. A kì í lo ìkòkò tàbí korobá alumíníọ́mù, á jẹ ẹ́. Bó bá ta sí yín lára, ẹ fi omi tó ń ṣàn sí i fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú. Bó bá ta sójú, ẹ máa ṣàn án láì dákẹ́, kí ẹnì kan sì máa gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Àṣìṣe tí mo ń sọ pé kí ẹ gbà mọ́ra ni èyí tí aṣọ lè gbà fún yín. Ti ojú kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú yìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, òun àti aró òyìnbó dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn aláró àti ààfin Aláké, torí àwọn èèyàn ń kígbe pé aṣọ kò dára mọ́ bíi ti ayé èlú àti omi eérú. Àwọn ìyá wa kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àdìrẹ ṣì wà ní ọjà Ìtòkú títí di òní.

*Ọwọ́.* Bí àwọ̀ bá ṣú níbì kan tó sì mọ́lẹ̀ níbòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: ṣé mo fi omi rin aṣọ kí n tó kì í bọ aró? Ṣé mo ń yí i nínú aró, àbí mo kó o jọ bí àkísà tí mo lọ dáhùn fóònù? Èyí tó kẹ́yìn yẹn ti ba aṣọ jẹ́ ju aró burúkú lọ.

Bí ẹ kò bá rí ẹnu ọ̀nà náà, ẹ mú ìwé àti ègé aṣọ lọ bá àgbà aláró kan. Ẹnì kan ni mo wí. Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá ní Ìtòkú, ìdáhùn mẹ́wàá lẹ ó gbé bọ̀. Bí ẹ ṣe bi í ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá ní, "Ẹ wò ó mà, ṣé kò burú jù?" àánú yín á ṣe é, á ní, "Kò burú, ọmọ mi, ó ń bọ̀ wá mọ́ ẹ lọ́wọ́." Ẹ ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi fọwọ́ kan ibi tí mo ti ṣì í ṣe."

Àyẹ̀wò: ẹ lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ ohun tí ẹ fura sí. "Mo rò pé sítáàṣì kò kúrò lára aṣọ." Bí gbólóhùn yín bá ní "àti" méjì nínú, ẹ kò tíì débẹ̀.

Ìpele kẹrin: Ẹ yí ohun kan padà, ohun kan péré

Ìpele yìí ni mo fi odidi ọdún kan kọ́. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí, ọgbọ̀n ọ̀pá. Ọ̀pá mẹ́fà àkọ́kọ́ ń ṣí àwọ̀. Ìbẹ̀rù mú mi. Mo pààrọ̀ ẹni tí mo ń ra aró lọ́wọ́ rẹ̀, mo ra háídírọ́ọ̀sì tuntun, mo fi kún kọ́sítíìkì, mo sì rẹ aṣọ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lọ́jọ́ kan náà. Ó dára! Mo dúpẹ́, mo fi ṣe ọ̀pá mẹ́rìnlélógún yòókù. Oṣù kejì, aṣọ mìíràn tún ń ṣí. Mi ò mọ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn, torí náà mi ò mọ èwo ló tún ṣaláìsí. Lójú mi, mo ti yege. Ní tòótọ́, mi ò kọ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, ẹ mú ègé aṣọ kékeré mẹ́ta. Ègé kìíní, ẹ ṣe é bí ẹ ti ṣe èyí tó bàjẹ́ gẹ́lẹ́. Ègé kejì, ẹ yí ohun tí ẹ fura sí nìkan padà. Ègé kẹta, ẹ yí i padà jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú ni, tí kejì jẹ́ 15, kí kẹta jẹ́ 20. Ẹ dín omi àti oògùn kù pa pọ̀. Bí korobá tó gba lítà 20 bá ń gba ṣíbí 10, lítà 2 á gba ṣíbí 1.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀: ègé kìíní. Gbogbo èèyàn ló máa ń fò ó, wọ́n ní kí ni mo tún fẹ́ ba aṣọ jẹ́ fún. Láìsí i, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ohun tí ẹ yí padà ló tún un ṣe, àbí oòrùn ọjọ́ yẹn lásán ni. Bí ègé kìíní bá jáde dáadáa, ohun tí ẹ fura sí kọ́ ni. Ẹ padà sí ìpele kẹta.

Àyẹ̀wò: ègé kìíní bàjẹ́, ìkejì tàbí ìkẹta dára, ẹ sì ti rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú ìwé kan.

Ìpele karùn-ún: Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i

Èyí kò gùn. Lọ́jọ́ mìíràn, pẹ̀lú omi mìíràn, ẹ tún ègé tó dára yẹn ṣe. Lẹ́yìn náà, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ fọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àkísà funfun. Bí wọ́n bá bára mu nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, tí àkísà náà kò sì gba àwọ̀, ẹ lè fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

Ìpele kẹfà: Oníbàárà àti aṣọ tó wà nílẹ̀

Ẹ pe oníbàárà kí òun tó pè yín. Ọjọ́ tí aṣọ bàjẹ́ ni mo wí, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ ìnáwó. Mo máa ń sọ ọ́ báyìí: "Ẹ káàsán mà. Aṣọ yín kò jáde bí a ṣe jọ ṣàdéhùn, mi ò sì ní gbé e fún yín bẹ́ẹ̀. Mo lè tún òmíràn ṣe kó tó di ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, tàbí kí n dá owó yín padà. Èwo lẹ fẹ́?" Ẹ má ṣàlàyé iná mànàmáná àti òjò. Inú á bí àwọn kan. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ bẹ̀ wọ́n, ẹ má dáhùn padà. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo pè bẹ́ẹ̀ ṣì ń bá mi ṣe dòní.

Aṣọ tó bàjẹ́ ńkọ́? Bí àwọ̀ rẹ̀ kàn fọ́nká, ẹ lè tún un dì kí ẹ sì rẹ ẹ́ sí àwọ̀ tó ṣú jù ú lọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ìwé yín tán. Bó bá dára lápá kan, ẹ gé apá yẹn fún gèlè, àpò, tàbí ìbòrí tìmùtìmù. Bí ẹ bá fẹ́ tà á bó ṣe rí, ẹ fi àléébù rẹ̀ han ẹni tó ń rà á, ẹ dín owó rẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkèèrè ti kún ọjà, kò ní àléébù kankan lójú, ó sì pọ́ọ́kú. Ohun tí àwa fi ń bá a dù ni pé ẹni tó rà lọ́wọ́ wa gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́. Ẹ má fi aṣọ kan ta ìyẹn.

Àyẹ̀wò: kò sí aṣọ kankan tó bàjẹ́ tí ẹ ń fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Ìpele keje: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti dúró

Mi ò gbà pé gbogbo ìkùnà ló ń mú èèyàn dé àṣeyọrí. Àwọn kan wà tó kàn ń jẹ owó. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ó gbìyànjú sójú ìwé. Èmi máa ń kọ mẹ́ta. Bí ìgbà mẹ́ta bá pé tí kò yé yín síbẹ̀, ẹ dá irú àwọ̀ tàbí àrà yẹn dúró, ẹ máa ta èyí tí ọwọ́ yín mọ̀, kí ẹ wá olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n tí ẹ lè lọ jókòó tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí owó ìdánwò bá tán lóṣù yẹn, ó ti tán nìyẹn. Ẹ má yá owó àjọ fi kún un. Ẹni tó bá ń fi owó ilé ìwé ọmọ dán aró wò kò ní lè fi ojú tó tutù wo ohun tó rí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ ti pa á tì. Mo ní ojú ìwé kan tí mo dá dúró lórí ẹ̀kọ tó ń sán. Ó lé ní ọdún kan kí n tó padà sí i, lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kan sọ fún mi pé mo ń gbé aṣọ sínú oòrùn gangan kó lè tètè gbẹ. Mo ṣí ìwé, mo wò ó: gbogbo ègé tó sán, ọjọ́ tí oòrùn mú ni mo kọ sórí wọn. Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, èmi ni mi ò rí i.

Àyẹ̀wò: ní ìparí oṣù, ẹ jókòó ti ìwé náà fún ìdajì wákàtí, ẹ ka gbogbo ojú ewé oṣù yẹn tẹ̀léra. Ẹ fàlà sábẹ́ ohunkóhun tó bá fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe òǹtajà kan náà, ìbáà ṣe ọjọ́ tí ẹ kánjú. Èyí tí ìlà pọ̀ sí jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìdánwò oṣù tó ń bọ̀. Bí ìwé bá kún, ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ síbi tí omi kò lè dé, níbi tí ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ti lè nawọ́ mú un láì tọrọ àyè lọ́wọ́ yín.